Ebi Kò Pa Wọ́n Tó

Bàbá Oníkòkòrò ni wọ́n ń pè é, láti ẹnu géètì ibi iṣẹ́ rẹ̀ títí dé ìdí ẹ̀rọ omi tí àwọn obìnrin ti ń pọnmi. Àwọn tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tilẹ̀ máa ń gbọn aṣọ wọn tó bá ti kọjá, wọ́n á ní kó má lọ já ọ̀kan sílẹ̀ sí àwọn lára. Òun náà á dá wọn lóhùn pé àwọn tòun kì í jẹ èèyàn, pé èèyàn ò dùn tó epo. Á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì le bí èèpo igi. Iṣẹ́ bíríkìlà ló kọ́. Nínú gbogbo ohun tó rò pé òun lè dà láyé, olùtọ́jú kòkòrò kò sí níbẹ̀, àmọ́ ayé kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹni kó tó yíni.

Ibi iṣẹ́ náà wà lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n ti ń fi táǹkì ńláńlá pa epo mọ́. Ilẹ̀ tí epo ti bà jẹ́ ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀, wọ́n á tò ó ní òkìtì-òkìtì sórí ọ̀rá tó nípọn. Páìpù oníhò wà lábẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Àwọn tó ń gba ojú títì kọjá rò pé awo kan ń bẹ níbẹ̀. Kò sí awo kankan. Kòkòrò àìfojúrí wà nínú ilẹ̀ tó jẹ́ pé epo ni wọ́n ń jẹ. Tí wọ́n bá rí atẹ́gùn, tí wọ́n rí omi níwọ̀nba, tí wọ́n tún rí ajílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á máa jẹ epo náà lọ, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí ilẹ̀ á fi padà di ilẹ̀. Iṣẹ́ Bàbá Oníkòkòrò ni pé kó fi ṣọ́bìrì yí òkìtì, kó wọ́n omi sí i, kó ki ọ̀pá tó ń wọn ooru bọ inú rẹ̀, kó sì kọ ohun tó bá rí sínú ìwé. Ẹni tó bá ní pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn nìyẹn, kó wá yí òkìtì kan ṣoṣo lọ́sàn-án gangan ká wò ó.

Imú rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni iyì níbẹ̀. Òkìtì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń ta sánsán símú, á mú omi jáde lójú ẹni. Tó bá pé oṣù méjì, òórùn náà á rọ̀, á dà bí aṣọ mẹkáníìkì tí wọ́n fọ̀ tí kò mọ́. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan ṣáá, Bàbá á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á gbé e sí imú, kò ní gbọ́ ju òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí lọ. Á ní, "Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán." Tí ìwé àyẹ̀wò bá dé láti láàbù lọ́jọ́ kẹta, ohun kan náà ló máa ń sọ.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ń ṣàkóso láàbù náà. Dókítà ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́; ìwé nípa kòkòrò ló kà dé góńgó. Obìnrin kan gbé ọmọ tó ń wúkọ́ wá bá a rí, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo àlàyé obìnrin náà kó tó ní, "Ẹ má bínú, mà, ilẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n tọ́jú." Àbíkẹ́yìn Bàbá Oníkòkòrò jù ú lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ tó bá sọ̀rọ̀, Bàbá máa ń gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀ gbọ́ ọ. Òfin kan wà tí kì í rẹ̀ ẹ́ láti sọ.

"Ẹ má fún wọn ní ohun tó dùn ju epo lọ. Epo ò dùn. Ebi ló ń mú wọn jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá lè gbé ohun tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ síwájú wọn, wọn ò ní wo epo mọ́."

"Ọkọ mi gẹ́lẹ́ nìyẹn," ni obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Nítorí òfin yìí, inú àgbá tí wọ́n ti ń sin kòkòrò nìkan ni wọ́n ti ń lo omi ṣúgà dúdú, ìyẹn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó máa ń kù ní ilé-iṣẹ́ ṣúgà lẹ́yìn tí ṣúgà bá ti jáde. Ife kan péré ni, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n lè tètè pọ̀ sí i. Kò gbọ́dọ̀ kan òkìtì. Bàbá Oníkòkòrò mọ òfin náà. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ gan-an kò sọ ọ́ rí.

Kì í ṣe owó oṣù ló gbé e dé ibi iṣẹ́ yẹn. Ilé rẹ̀ ni. Ilé oníyàrá mẹ́ta pẹ̀lú pálọ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, nítorí pé ilé onílé ló ń kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, tirẹ̀ di iṣẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ó mọ búlọ́ọ̀kù tó tò lọ́dún tí wọ́n bí àkọ́bí. Ó mọ èyí tó tò lọ́dún tí bàbá rẹ̀ kú. Òun ló gbẹ́ kànga ẹ̀yìnkùlé. Ọdún méje péré ni wọ́n gbé inú ilé náà lẹ́yìn tó parí, kí ojú omi kànga tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ òṣùmàrè. Páìpù epo kan tó gba abẹ́ àdúgbò kọjá ti ń jò, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláṣẹ dé, wọ́n fi aṣọ bo imú, wọ́n ní kí ilé mọ́kànlá kó jáde fún oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta náà ló di ọdún mẹ́rin yìí.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé alágbàfọ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ háyà. Ooru láti ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ògiri á máa làágùn látàárọ̀ dalẹ́. Aránṣọ ni Ìyá Wọn, bí Bàbá ṣe ń pe ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ gba ìdajì yàrá, tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fẹ́ dé orí bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ dìde dúró ná. Láti ọdún kejì tí wọ́n ti débẹ̀ ni ikọ́ kan ti ń bá a jà. Kì í ráhùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń lọ sí ilé wọn tí kò sẹ́ni níbẹ̀, á ṣí gbogbo fèrèsé, á gbá àwọn yàrá òfìfo, á ti fèrèsé padà, á sì máa bọ̀. Ọkọ rẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀kan pé ta ló ń gbálẹ̀ fún.

"Àwa náà ni," ló wí. "Àbí inú ìdọ̀tí la fẹ́ padà sí?"

Nígbà tí wọ́n dá ibi ìtọ́jú ilẹ̀ náà sílẹ̀, Bàbá lọ bá wọn, ó ní iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, òun á ṣe é, kí wọ́n ṣáà ti rántí ilé òun. Wọ́n gbà á. Wọ́n sì kọ nọ́ńbà sára àwọn ilé náà, tirẹ̀ bọ́ sí ìkọkànlá. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: ilẹ̀ ilé mẹ́wàá ni Bàbá Oníkòkòrò bá wọn yí kó tó kan ti ara rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yege, tí àwọn tó ni ín ń kó ẹrù wọn padà, tí wọ́n ń nà án lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè é ní bàbá rere. Ó ń bá wọn yọ̀. Ó sì ń ka ọjọ́.

Ìdí tó fi ń ka ọjọ́ ni pé àwọn aláṣẹ ti fi gbèǹdéke lé e. Ilẹ̀ ilé èyíkéyìí tí nọ́ńbà iye epo inú rẹ̀ kò bá wálẹ̀ dé ọgọ́rùn-ún nínú ìwé àyẹ̀wò nígbà tí oṣù kẹwàá bá fi parí, wọ́n á wó ilé náà, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ jinlẹ̀, wọ́n á kó o lọ sin sínú kòtò tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, wọ́n á sì yí ọgbà ká ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní gbé ibẹ̀ mọ́ láéláé. Kò sí àfikún ọjọ́, wọ́n kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Oṣù kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa katakata ló wá hú ẹ̀yìnkùlé, ó ṣe é tìṣọ́ratìṣọ́ra, kò já ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń jẹun ọ̀sán lábẹ́ òjìji katakata yẹn, tí wọ́n á máa bá ara wọn jiyàn nípa ohun tí kò kàn wọ́n. Wọ́n to òkìtì sẹ́yìnkùlé níbẹ̀ náà, wọ́n ki páìpù bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn kalẹ̀. Dókítà ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo wa. Mi ò ní rán ẹnikẹ́ni wá ṣọ́ yín. Oṣù méjì-méjì ni n ó máa wá bu ilẹ̀ fún àyẹ̀wò." Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ máà lè sùn nítorí ìdùnnú.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni ìwé kọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lóṣù kẹrin, ó di ẹgbẹ̀ta. Lóṣù kẹfà, irinwó. Ó ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Àfi bí òjò ọdún náà ṣe bẹ̀rẹ̀ tó kọ̀ tí kò dá, òtútù sì mú gbogbo nǹkan. Bàbá fi tapólì bo òkìtì, ó gbẹ́ gọ́tà yí i ká, síbẹ̀ ọ̀pá tó fi ń wọn ooru ń jáde ní tútù nini lójoojúmọ́. Nígbà tí Dókítà padà wá lóṣù kẹjọ, irinwó ó dín díẹ̀ ló ṣì rí.

"Òtútù ló mú wọn," ni Dókítà wí. "Òjò ti ń lọ, oòrùn ń padà bọ̀. Ẹ máa yí i, ẹ máa fún un lómi níwọ̀nba. Ó lè débẹ̀ kọ́jọ́ tó pé, ó sì lè ṣẹ́kù díẹ̀."

"Tó bá wá ṣẹ́kù díẹ̀ ńkọ́?"

"A ó bẹ̀ wọ́n."

"Àwọn tó kọ ọ́ pé kò sí àfikún ọjọ́ la fẹ́ bẹ̀?"

Dókítà wo ilẹ̀. "Ẹ ṣáà má fi ohunkóhun kún un, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ogójì ọdún ni Bàbá Oníkòkòrò fi ṣe bíríkìlà, kò sì sí ọjọ́ kan tó jẹ́ kí lébìrà gbé kọnkéré gun àtẹ̀gùn lórí ikùn òfìfo. Ó máa ń sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ yá, kó kọ́kọ́ bọ́ òṣìṣẹ́. Ohun tó mọ̀ nìyẹn, òun ló sì fi kọ́ ilé ní gbogbo ìlú. Nígbà tó wá ń wo òkìtì tútù náà, àánú àwọn kòkòrò yẹn ń ṣe é. Oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n ti ń jẹ epo, oúnjẹ tí wọ́n ò fẹ́, òtútù tún wá gbo wọ́n mọ́lẹ̀. Ó ń rò ó pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Ó ń rò ó pé òfin Dókítà dára fún ìgbà tí ara bá yá gágá. Ìfẹ́ ilé rẹ̀ ló ń ronú fún un, òun kò mọ̀.

Àgbá omi ṣúgà dúdú kan wà níbi iṣẹ́ tí omi òjò ti wọnú rẹ̀, tí wọ́n ti ní kí wọ́n dà nù. Bàbá ní òun á bá wọn dà á nù. Kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì ló fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e dé, ó sì bá Ìyá Wọn tó ń gbálẹ̀.

"Bàbá Wọn, kí lẹ gbé dání yẹn?"

"Oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ ta ni?"

"Ti àwọn òṣìṣẹ́ wa."

Ìyá Wọn ṣí ìdérí, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ṣúgà rèé. Ṣé Dókítà mọ̀ sí i?"

"Dókítà ò nílé níbí."

Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ní, "Ẹ fún mi ní kẹ́ẹ̀gì kan kí n gbé. Ẹ̀yin náà ẹ rọra, ẹ̀yìn yín ò le bíi tàtijọ́ mọ́." Wọ́n jọ dà á sórí òkìtì. Látọjọ́ yẹn, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ wọn.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí òkìtì fi yá. Bàbá ki ọ̀pá bọ inú rẹ̀, ó fà á jáde, ó sì tètè fi í sílẹ̀ nítorí ó gbóná. Ìfófòó funfun ń yọ láti ẹsẹ̀ òkìtì. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan gbóòórùn, adùn ṣúgà kún imú rẹ̀, kò gbọ́ epo rárá. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ dídùn sí létí. "Wọ́n ń jẹ ẹ́," ló ń tún sọ. "Ìyá Wọn, wọ́n ń jẹ ẹ́!"

Ayọ̀ àyọ̀jù làkèré fi ń ṣẹ́ nítan. Ìyá Wọn rán kọ́tìnì fún fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọkọ rẹ̀ tún ojú ilẹ̀kùn kùn ní ọ̀dà. Wọ́n lọ bá alágbàfọ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó wá ẹlòmíràn sínú yàrá rẹ̀ nígbà tí oṣù kẹwàá bá parí. Alágbàfọ̀ náà ní òun ti ní àna kan tó ń wá ibi tó máa gbé. Ó bá wọn yọ̀ tọkàntọkàn.

Dókítà dé níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá pẹ̀lú ìgò àyẹ̀wò rẹ̀. Ó ti ṣí ìgò kan kó tó dúró lójijì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ìfófòó náà, ó gbé e sí imú.

"Bàbá, kí lẹ fún wọn?"

"Wọ́n ti gbóná dáadáa, àbí ẹ ò rí i? Ẹ ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ wò ó."

"Mo rí i. Kí lẹ fún wọn?"

Ó sọ fún un. Ó sọ iye kẹ́ẹ̀gì, ó sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò fi bò. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, nítorí ó ń gbọ́ ara rẹ̀. Dókítà kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá dára. Ó kàn bu ilẹ̀ sínú ìgò mẹ́ta, ó dè é, ó ní kí àwọn dúró de ìwé.

Ọjọ́ kẹta, ìwé dé. Irinwó ó dín díẹ̀. Ibi tó wà lóṣù kẹjọ náà ló ṣì wà, kò kúrò níbẹ̀ bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

"Wọ́n jẹun o, Bàbá," ni Dókítà wí. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Wọ́n jẹun gan-an. Ṣúgà ni wọ́n jẹ. Ebi ò pa wọ́n tó kí wọ́n fọwọ́ kan epo."

Bàbá Oníkòkòrò fi ṣọ́bìrì ti ara rẹ̀ dúró. Ká ní ẹlòmíràn ló ṣe irú àṣìṣe yìí, òun gan-an ni ì bá kọ́kọ́ bá a wí, á ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn lọ́pọ̀ ìgbà. Ìtìjú tó mú un lọ́jọ́ yẹn kò jẹ́ kó lè wo ojú ọmọ tó kéré sí àbíkẹ́yìn rẹ̀.

Dókítà kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ, ó bẹ̀ wọ́n fún oṣù méjì péré. Ó lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn ní ẹ̀ẹ̀mejì, lórí àga onírin tó wà lójú ọ̀nà, títí wọ́n fi ti ọ́fíìsì. Èsì tí wọ́n fún un kò ju ìlà méjì lọ. Ilé kọkànlá kò yege. Kí wọ́n mú iṣẹ́ tó kù ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ń rán apá aṣọ kan lọ́wọ́, kò dúró títí ó fi dé òpin ìlà. Bàbá sọ gbogbo rẹ̀: ṣúgà, nọ́ńbà, ìlà méjì. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi bà á jẹ́," ló wí. "Ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́, ó lè ti débẹ̀. Èmi ni."

Ìyá Wọn gé òwú. Ó wúkọ́ díẹ̀. "Èmi náà gbé kẹ́ẹ̀gì," ló wí. Ìyẹn nìkan ló sọ. Ó dìde, ó ká kọ́tìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ. Bàbá ì bá fẹ́ kó bú òun. Ó dúró kó bú òun, àmọ́ aṣọ àwọn ènìyàn wà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ rán kílẹ̀ tó ṣú.

Àna alágbàfọ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ dé. Alágbàfọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó bẹ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n máa gbé inú yàrá tí òun ń kó ọṣẹ sí títí wọ́n á fi rí òmíràn. Kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó di pé kí Ìyá Wọn máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ooru aṣọ lílọ̀ ti ń fẹ́ sí i lára tààrà. Ikọ́ náà wá di ohun tí gbogbo ilé ń gbọ́.

Oṣù kọkànlá ni wọ́n wó ilé náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa katakata kọ̀ jálẹ̀, ó ní ọwọ́ òun ò ní ṣe irú iṣẹ́ yẹn láéláé, kí wọ́n lé òun tí wọ́n bá fẹ́. Bàbá Oníkòkòrò ló lọ bá a nílé.

"Ìwọ ni kó o ṣe é," ló wí fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Tí o ò bá ṣe é, wọ́n á rán ẹni tí ò mọ̀ mí wá. Ìwọ mọ ibi tí àwọn òpó wà. Ìwọ á mú un rọra."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bo ojú. Lọ́jọ́ kejì, ó wa katakata dé. Iṣẹ́ ti Bàbá lọ́jọ́ náà ni láti di ọ́ọ̀sì mú, kó máa fọ́n omi sórí àwókù kí eruku má bàa wọ ilé àwọn ará àdúgbò tó ti padà. Ó ṣe é bó ṣe yẹ. Ògiri pálọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó mọ ọdún tó mọ ògiri kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń ṣubú, ó ń fọ́n omi sí i. Àwọn aládùúgbò dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn, àwọn tó máa ń pè é ní bàbá rere, ọ̀pọ̀ wọn sì wọlé lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ti ń kó ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ sí kòtò kọnkéré, àti òkìtì náà, àti kòkòrò tó wà nínú rẹ̀. Ìyá Wọn kò wá. Ọjọ́ Sátidé ni.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí Dókítà tó wá bá a nídìí òkìtì kan níbi iṣẹ́. Ó mú bébà kan lọ́wọ́, ó sì ń ká a, ó ń tú u.

"Bàbá, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wó o, mo lọ bu ilẹ̀ nínú òkìtì yín. Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Bàbá gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀.

"Àádọ́jọ," ni Dókítà wí.

"Àádọ́jọ báwo?"

"Ṣúgà yẹn ti tán níbẹ̀ láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dáwọ́ dúró. Ebi wá pa wọ́n, wọ́n padà sórí epo. Wọ́n sì ti pọ̀ gan-an, nítorí ṣúgà yẹn náà, ẹnu tó ń jẹ epo pọ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n fi jẹ ẹ́ wálẹ̀ láti irinwó. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, Bàbá, ó pọ̀ jù kó jẹ́ mẹ́ta, ì bá ti dé ọgọ́rùn-ún."

Ẹ̀rọ atẹ́gùn ń dún lẹ́yìn wọn. Bàbá Oníkòkòrò wo bébà náà, kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti rò ó bóyá ohun tó dára ni wọ́n sọ fún òun tàbí ohun tó burú, ó rí i pé ẹ̀pa ò bóró mọ́ lọ́nà méjèèjì.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi wá sọ fún mi?" ló bi í.

Omi ti ń bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. "Mo rò pé á tù yín nínú. Pé kì í ṣe pé ẹ bà á jẹ́ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú," ni Bàbá wí. Òótọ́ ni, kò bínú. Kò sí okun ìbínú mọ́ nínú rẹ̀. Ó mú ṣọ́bìrì, ó ki í bọ inú òkìtì, ó ń yí i lọ, nítorí òkìtì ilé ẹlòmíràn ni, ọjọ́ yíyí rẹ̀ sì ti pé.

Nígbà tó dé ilé, Ìyá Wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó ń fi igun aṣọ nu òógùn ọrùn rẹ̀. Bàbá gbé ìjókòó kékeré kan, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wúkọ́ títí ó fi dá, ó mí, ó sì wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Ṣé Dókítà wá síbi iṣẹ́ lónìí?"

"Ó wá."

"Kí ló wí?"

Bàbá Oníkòkòrò na ọwọ́, ó bá a di etí aṣọ tó fẹ́ rán mú kó má baà yẹ̀.

"Ó ní kí n kí ẹ," ló wí.

"Ó ṣeun o," ni Ìyá Wọn dáhùn. "Ọmọ gidi ni." Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ó ń ránṣọ lọ.